Ẹ Béèrè, Ká Dáhùn: Pọ́ǹpù Panápaná Tó Ń Tan Ara Ẹ̀ Lóru

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mò ń bójú tó ilé alájà mẹ́jọ kan. Pọ́ǹpù panápaná méjì ló wà nísàlẹ̀, ńlá kan, kékeré kan. Kékeré yẹn ò sinmi mọ́, á tàn, á kú, kò ní pẹ́ á tún tàn, àwọn ará ilé ń ráhùn pé ariwo ẹ̀ ò jẹ́ káwọn sùn. Ẹni tó ń bá wa tún iná ṣe ní ká yí méjèèjì sí OFF, pé tí iná bá sọ ká sáré lọ tàn án. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

ÌDÁHÙN: Kò dáa rárá. Tẹ́ ẹ bá ti yí i, ẹ jọ̀ọ́ ẹ lọ dá a padà sí AUTO ná kẹ́ ẹ tó ka ìyókù.

Ta ló fẹ́ sáré lọ sísàlẹ̀ láàárín òru, nínú èéfín, tí ò rí ọwọ́ ara ẹ̀? Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é kó máa tan ara ẹ̀. Omi wà nínú páìpù sípíríńkílà yín, ìyẹn ẹnu páìpù tó ń tú omi sórí iná láti òkè àjà, nígbà gbogbo pẹ̀lú prẹ́ṣọ̀, ìyẹn agbára tó ń ti omi, tí ooru bá fọ́ gíláàsì tín-ín-rín tó wà lẹ́nu sípíríńkílà kan, omi á tú jáde, prẹ́ṣọ̀ á já wálẹ̀, kọ̀ntúróòlà, ìyẹn àpótí tó ń darí pọ́ǹpù, á mọ̀ ọ́n, á tan pọ́ǹpù ńlá. Kò dúró de ẹnikẹ́ni.

Kékeré yẹn, jọ́kì la máa ń pè é, iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó máa fi omi dípò èyí tó bá ń jò díẹ̀díẹ̀ kí ńlá má bàa jí lásán. Wọ́n máa ń ṣètò ẹ̀ kí jọ́kì kọ́kọ́ tàn tí prẹ́ṣọ̀ bá ti lọ sílẹ̀ díẹ̀, tí apá ẹ̀ ò bá ká a tó tún já sí i, ìgbà yẹn ni ńlá máa wọlé. Tó bá wá ń tàn ṣáá, ó ń sọ fún yín pé omi ń gba ibì kan lọ ni. Ó lè jẹ́ fáàfù tí ò yẹ kó jẹ́ kómi padà sẹ́yìn ló ti bàjẹ́, ó lè jẹ́ ẹnu ibi tí wọ́n ti ń tú omi dànù ni wọn ò tì dáadáa, ó sì lè jẹ́ páìpù abẹ́ ilẹ̀, ìyẹn ló máa ń ṣòro jù láti rí. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ti fáàfù àjà kan, kó wo géèjì bóyá prẹ́ṣọ̀ dúró, kó ṣí i padà pátápátá kó tó bọ́ sí àjà mìíràn, kí ẹnì kan sì máa ṣọ́ àjà tí wọ́n bá tì yẹn.

ÌBÉÈRÈ: Wọ́n ní mọ́tò pọ́ǹpù wa ò ní ohun tó máa pa á tó bá gbóná jù. Ṣé ká fi sí i kó má bàa jóná?

ÌDÁHÙN: Ẹ má fi sí i o. Pọ́ǹpù omi ilé ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún, ó sì tọ́ síbẹ̀. Pọ́ǹpù panápaná, ẹ̀mí èèyàn ló wà fún, kò wà fún ara ẹ̀, tó bá máa jóná kó jóná síbi tó ti ń tú omi fáwọn tó ń sá jáde. NFPA 20, ìyẹn ìlànà Amẹ́ríkà tí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ń tẹ̀ lé, ò gbà kí wọ́n fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí kọ̀ntúróòlà ẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ máa wò dáadáa ni ibi tó ti ń gba iná. Táwọn panápaná bá dé, wọ́n sábà máa ń gé iná ilé, wáyà pọ́ǹpù yìí ò gbọdọ̀ kú pẹ̀lú ẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Omi ń kán ní ìdí irin tó ń yí lára pọ́ǹpù wa, ṣé ká fún un?

ÌDÁHÙN: Tó bá jẹ́ èyí tó ń lo pákíìnì, ìyẹn okùn tí wọ́n ká mọ́ ìdí irin yẹn kí omi má bàa tú jáde, ó yẹ kó máa kán tó bá ń ṣiṣẹ́, bí ẹ̀kán kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Omi yẹn ló ń tù ú lára, tẹ́ ẹ bá fún un títí tó gbẹ, irin á jẹ. Tó bá ń ṣàn gbuurugbu ni kẹ́ ẹ pe oníṣẹ́.

Ẹ tún bèèrè pé ìgbà wo la ń dán an wò. Ti dísẹ́ẹ̀lì, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀, kẹ́ ẹ sì yẹ bátìrì ẹ̀ méjèèjì wò. Ti oníná, ìṣẹ́jú 10. Àmọ́ títàn nìkan ò tó, lọ́dọọdún ẹ ní láti jẹ́ kí omi tú jáde gidi kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n. Ká ní wọ́n kọ gálọ́ọ̀nù 500 ní ìṣẹ́jú kan àti psi 100 (psi ni wọ́n fi ń wọn prẹ́ṣọ̀) sára ẹ̀, tẹ́ ẹ bá fà á dé 750, prẹ́ṣọ̀ ò gbọdọ̀ wá sábẹ́ 65, tẹ́ ẹ bá sì ti ibi tó ń tú omi, kò gbọdọ̀ kọjá 140. Ẹ gba ìwé tí wọ́n kọ nọ́ńbà yẹn sí lọ́wọ́ oníṣẹ́, kẹ́ ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọdún tó kọjá.