Àwòrán ẹṣin tó ń ṣe bàìbàì

Àbúrò, kámẹ́rà rẹ ò bàjẹ́. Ẹṣin tó o ní ó ń ṣe bàìbàì ní pápá eré ẹṣin tí wọ́n fẹ́ tì yẹn, shutter rẹ, ìlẹ̀kùn inú kámẹ́rà tó ń ṣí tó sì ń padé fún ìmọ́lẹ̀, ló lọ́ra. Gbé e sí 1/1000, ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Ìyẹn bí oòrùn bá ràn o. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, gbé ISO, ìwọ̀n bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí, lọ sí 3200. Kí àwòrán rí wóró-wóró díẹ̀ sàn ju kó ṣe bàìbàì. Má tan fíláàṣì rárá, ẹṣin lè ta gìrì.

Ṣùgbọ́n pápá tó ń kógbá sílé ni ìròyìn, kì í ṣe eré nìkan. Tètè dé, ya ẹni tó ń fọ ẹṣin, ya àga tó ṣófo. Kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Èmi gbàgbé ìyẹn nígbà kan l'Ọ́jà Ọba Àkúrẹ́ níbí, olóòtú ò lo ẹyọ kan.