Kí ló dé tí SWR áńtẹ́nà mi ń gòkè bí mo bá ti gbé e dé pápá?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Áńtẹ́nà onírin tó ṣeé fà gùn ni mo ń gbé kiri, bándì 20 mítà (ìgbì rédíò tó wà ní nǹkan bí 14 MHz) ni mo sì ń lò ó fún. Ní ẹ̀yìnkùlé wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé onípáànù, SWR rẹ̀ (òǹkà tó ń sọ bí áńtẹ́nà ṣe bá rédíò mu tó; 1.0 ni ìbámu pípé) kì í ju 1.3 lọ. Bí mo bá gbé e dé pápá, á di 2.5, bẹ́ẹ̀ n kò yí gígùn rẹ̀ padà. Wáyà ilẹ̀ kan ṣoṣo ni mo ní. Ṣé kí n kàn fi túnà inú rédíò (ohun tó ń jẹ́ kí rédíò gba áńtẹ́nà tí kò bá a mu) tún un ṣe ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì fọwọ́ kan túnà. Rédíò nìkan ni túnà ń tù nínú, kì í tún áńtẹ́nà ṣe. Irin tí ẹ nà sókè yẹn, ìdajì áńtẹ́nà ni. Wáyà tí ẹ tẹ́ sílẹ̀ ni ìdajì kejì. Ó jọ pé páànù ilé yín ló ń bá yín ṣe lára iṣẹ́ ìdajì kejì náà. Ní pápá, kò sí páànù.

Ẹ gé wáyà mẹ́rin, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó mítà 5. Ẹ so orí wọn pọ̀ mọ́ ìdí áńtẹ́nà, níbi tí awọ irin ìta kébù ti kàn án, kí ẹ sì tẹ́ wọn sí ọ̀nà mẹ́rin. Wáyà iná tẹ́ẹ́rẹ́ ti tó. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé orí ilẹ̀ ni wọ́n sùn lé, bí wọ́n bá fi sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ jura lọ, kò ba nǹkan jẹ́. Mẹ́jọ sàn ju mẹ́rin lọ, pàápàá lórí ilẹ̀ gbígbẹ.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi iye MHz tí ẹ fẹ́ pín 71.5. Fún 14.2, mítà 5.04 ni. Ẹ fi tépù wọ̀n ọ́n, ẹ na irin dé ibẹ̀, kí ẹ fi NanoVNA (ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn SWR) wo 13 sí 15 MHz. Ẹ sún sẹ́yìn kí ẹ tó kà á, torí ara ènìyàn ń yí i padà.

Ibi tí SWR ti lọ sílẹ̀ jù lọ, àti bó ṣe lọ sílẹ̀ tó níbẹ̀, ẹ má pa méjèèjì pọ̀. Bó bá bọ́ sí 13.9 MHz, irin ti gùn jù. Sẹ̀ǹtímítà kan ń sún un ní nǹkan bí 28 kHz, nítorí náà ẹ ti bíi sẹ̀ǹtímítà 11 wọlé. Ṣùgbọ́n bó bá bọ́ sí 14.2 gan-an tí SWR ṣì ju 2 lọ, ẹ fi irin sílẹ̀ jẹ́ẹ́: wáyà ilẹ̀ tàbí kọ́nẹ́tọ̀ orí kébù ni kí ẹ lọ yẹ̀ wò.

Èyí tó ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ ni pé SWR 1.0 kì í fi gbogbo ìgbà dára. Óòmù 50 (òṣùwọ̀n ìdènà iná) ni rédíò ń retí. Tí ilẹ̀ áńtẹ́nà yìí bá pé, nǹkan bí óòmù 36 ló yẹ kó fi hàn, ìyẹn SWR 1.4. Bí wáyà ilẹ̀ kò bá tó, tí ilẹ̀ wá fi óòmù 14 tirẹ̀ kún un, á di 50, SWR á sì jẹ́ 1.0 géérégé. Inú yín á dùn, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ ti ń jẹ ju ìdá mẹ́rin agbára yín lọ. Torí náà, bí ẹ bá fi wáyà kún un tí SWR kúrò ní 1.0 bọ́ sí 1.3, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ti dára sí i ni.

Bí ẹ bá fọwọ́ kan kébù tí òǹkà sì ń yí, iná ń gba ara ìta kébù kọjá. Ẹ wé kébù tẹ́ẹ́rẹ́ RG-316 ní ìgbà 12 mọ́ òrùka fẹ́ráìtì FT240-31 nídìí áńtẹ́nà, kó lè dí iná náà lọ́nà.

Bó bá ti jókòó dáadáa, ẹ fi máákà sàmì sára irin. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti máa bẹ̀rẹ̀ ní pápá mìíràn, ṣùgbọ́n ẹ ṣì tún un wọ̀n, torí ilẹ̀ olómi àti ilẹ̀ gbígbẹ kò rí bákan náà. Wọ́ọ̀tì 5 ni kí ẹ kọ́kọ́ fi dán rédíò wò, kí ẹ má sì gbé irin náà dúró nítòsí wáyà NEPA láéláé.