Ṣé Eré Ló Ń Sọ Nǹkan Di Wíwúwo?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́. Télọ̀ ni mí ní Òkè-Fìà, ní Òṣogbo. Ọmọ mi tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama ka nínú ìwé rẹ̀ pé bí nǹkan bá ṣe ń sáré sí i ni máàsì rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n ohun tó wà nínú rẹ̀, ń pọ̀ sí i. Ìwé kan náà tún sọ pé fótọ̀nù, ìyẹn ẹyọ ìmọ́lẹ̀, kò ní máàsì rárá. Bí kò bá sí ohun tó lè sáré ju ìmọ́lẹ̀ lọ, ṣé kì í ṣe òun ló yẹ kó wúwo jù?

ÌDÁHÙN: A dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, a sì kí ọmọ yín. Gbólóhùn àkọ́kọ́ inú ìwé yẹn ló fa wàhálà náà. Láyé àtijọ́ ni wọ́n máa ń sọ pé eré ń bu máàsì kún nǹkan. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ físíìsì òde òní ti pa ọ̀nà ìsọ̀rọ̀ yẹn tì, nítorí pé máàsì ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, ìyẹn ẹyọ kíkéré jọjọ tó wà nínú gbogbo nǹkan, kì í yí padà, ìbáà dúró, ìbáà sáré. Agbára tó gbé dání ló ń pọ̀ sí i. (Bí ìdánwò bá wà níwájú ọmọ yín, kí ó ṣì kọ ohun tí olùkọ́ rẹ̀ kọ́ ọ o.)

Ní ọdún 1964, onímọ̀ físíìsì kan tó ń jẹ́ William Bertozzi fi èyí hàn kedere ní Amẹ́ríkà. Ó ta àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù gba inú ọ̀pá gígùn kan, ó wọn àkókò tí wọ́n fi dé òpin rẹ̀, ó sì jẹ́ kí wọ́n lọ forí sọ pẹlẹbẹ alumíníọ̀mù, irú èyí tí a fi ń ṣe ìkòkò, kí ó lè fi ooru rẹ̀ mọ iye agbára tí wọ́n gbé wá. Nígbà tí ó sọ agbára ẹyọ kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po mẹ́ta, ooru tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan mú wá náà di bí ìlọ́po mẹ́ta, ṣùgbọ́n ohun tó kún eré wọn kò tó ìdá 3 nínú 100. Ẹni tó ti gun ọ̀kadà lọ sókè ní àdúgbò yín lè rò pé ẹ́ńjìnnì ló rẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀: agbára náà wọlé pátápátá, eré ìmọ́lẹ̀ ni ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kò lè bá láéláé.

Fótọ̀nù kì í dúró kí ó tó ki eré mọ́lẹ̀. Nítorí pé kò ní máàsì, eré kan ṣoṣo ló ní níbi tí nǹkan kan kò ti sí lójú ọ̀nà rẹ̀: mítà 299,792,458 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí agbára rẹ̀ bá pọ̀ sí i, àwọ̀ ló máa ń yí padà. Fótọ̀nù aláwọ̀ búlúù lágbára ju ti pupa lọ, síbẹ̀ wọn kì í fi ara wọn sílẹ̀ lọ́nà. Ó sì ń ti ohun tó bá kọ lù. Ní ọdún 2010, àwọn ará Japan fi ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ IKAROS ránṣẹ́ sí gbangba òfuurufú, jìnnà sí ayé, tó ní ìgbòkun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kò nípọn tó irun orí, ìmọ́lẹ̀ oòrùn sì ń tì í lọ.