Màmá Olórin dáhùn: Gìtá lọ́wọ́, hàmóníkà lẹ́nu

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ mà, Màmá Olórin. Pańṣẹ́kẹ́ ní Abẹ́òkúta níbí ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, fóònù ni mò ń tún ṣe. Mo tún máa ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Mo mọ kọ́ọ̀dù (ohùn mélòó kan tí a ń ta pọ̀) G, C, D, Em àti Am dáadáa, F nìkan ni ìka mi ò tíì gbà. Ẹ̀gbọ́n mi tó ti Èkó wá ló ra hàmóníkà (mouth organ) kan fún mi, C ni wọ́n kọ sí i lára, ó sì ra irin tí wọ́n fi ń gbé e kọ́rùn mọ́ ọn, kí ọwọ́ lè ráyè ta gìtá. Mà, ó ti fẹ́ sú mi. Tí mo bá fọn ún lóun nìkan, ó ń dùn. Tí mo bá ti fi gìtá sí i, bí ẹnu bá ń lọ ọwọ́ á dúró, bí ọwọ́ bá ń lọ ẹnu á gbàgbé. Tí mo bá wà lórí G, àwọn ohùn kan á máa jà. Ọrùn ń dùn mí débi pé n kì í lè bojú wẹ̀yìn láàárọ̀. Ṣé kí n ra hàmóníkà mìíràn ni, àbí kí n kúkú gbà pé n kò ní ẹ̀bùn rẹ̀?

Ọmọ yín, oníṣọ́ọ̀bù fóònù

Ìdáhùn

Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn kọ́ lèyí. Ìṣòro mẹ́ta ló kó ara wọn jọ, o sì fẹ́ borí gbogbo wọn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Jẹ́ ká tú wọn ká.

Ọrùn ni ká kọ́kọ́ mú, torí bí ara bá ń dunni, etí kì í gbọ́ orin mọ́. Ò ń na ọrùn lọ bá hàmóníkà, bẹ́ẹ̀ òun ló yẹ kó wá bá ọ. Jókòó sórí àga tó le, gbé gìtá lé itan, kó o wo iwájú tààrà bí ìgbà tó ò ń wo ìjọ. Ibi tí ètè rẹ bá wà láìmi orí, ibẹ̀ gan-an ni ihò hàmóníkà gbọ́dọ̀ wà. Ẹ̀gbẹ́ irin yẹn lọ́tùn-ún lósì ní nọ́ọ̀tì, irú ti bóòtù, tí wọ́n ń fi ọwọ́ lásán tú. Dẹ nọ́ọ̀tì méjèèjì, gbé irin náà sókè, fà á súnmọ́ ẹnu, kó o wá fún un padà. Irin olówó pọ́ọ́kú a máa rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí orin bá ṣe ń lọ, ìwọ náà á sì máa tẹrí ba tẹ̀ lé e láìmọ̀. Bí tìẹ bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, wá wáṣà rọ́bà kékeré sí abẹ́ nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan, irú èyí tí àwọn púlọ́ńbà ń fi sí ẹnu ẹ̀rọ omi. Yóò dì í mú. Ibi tí irin ti ń kan ọrùn náà, fi aṣọ sí i. Àdìrẹ Ìtòkú tó ti gbó, tí mo ká ní ìlọ́po mẹ́rin, ni mò ń lò sí tèmi, kì í gbóná, kì í sì í yọ̀.

Wò ó dáadáa pé nọ́ńbà 1 ló wà lápá òsì rẹ. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó dorí hàmóníkà kodò sínú irin, tó wá ń wá ohùn ilẹ̀ lápá ọ̀tún.

Ohun mìíràn wà níbẹ̀. Bí ọwọ́ bá di hàmóníkà mú, ọwọ́ ló ń tì í sọ́tùn-ún sósì. Bó bá ti wọ inú irin, orí ló ń rìn. Kékeré ni kó rìn o! Láti ihò kẹrin sí ìkeje kò tó fífẹ̀ ìka méjì. Yí ojú díẹ̀, má na àgbọ̀n.

Ọ̀rọ̀ G tó o sọ ló dùn mọ́ mi jù, torí ó fi hàn pé etí rẹ pé. Hàmóníkà rẹ ní ihò 10. Ìhò kọ̀ọ̀kan ní ohùn kan bó o bá fọn ún, ó ní òmíràn bó o bá fà á, ìyẹn bó o bá gba ibẹ̀ mí sínú, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ahọ́n irin 20 ló wà nínú rẹ̀. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni ọ́, jẹ́ ká fi sólfà sọ ọ́. C ni d. Bó o bá fọn ún láti òsì lọ sí ọ̀tún, d m s ni yóò máa pè fún ọ, lẹ́yìn náà d m s, d m s, kó tó parí sí d. Bó o bá fà á, r s t ló wà nínú ihò mẹ́ta àkọ́kọ́, r f l nínú mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, t r f l nínú mẹ́rin tó kù.

Wo ihò mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn dáadáa. Kò sí f níbẹ̀, kò sí l. Orin yòówù tó bá fẹ́ gba f tàbí l kọjá nísàlẹ̀, inú kòtò ló máa já sí. Nítorí náà, láti ihò kẹrin ni kó o ti máa bẹ̀rẹ̀ orin ṣọ́ọ̀ṣì: fọn 4 fún d, fà á fún r, fọn 5 fún m, fà á fún f, fọn 6 fún s, fà á fún l. Ṣọ́ra bó o bá dé ihò keje, torí ibẹ̀ ni nǹkan ti yí padà. O gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fà á fún t, kó o tó fọn ún fún d òkè. Ibẹ̀ yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń kọsẹ̀. Fọn ún, fà á, lọ, bọ̀, ní ibi 6 àti 7 yẹn nìkan, títí tí kò fi ní jẹ́ ohun àrò mọ́.

Wàyí o, bó o bá ta gìtá lórí G, G ló di d. Ohùn t tí G fẹ́, kò sí lára hàmóníkà C rárá. F tó wà nínú ihò karùn-ún àti ìkẹsàn-án lo máa bá pàdé, ó sì fi ìdajì ohùn rẹlẹ̀ sí èyí tí orin ń béèrè. Ìjà tí etí rẹ ń gbọ́ nìyẹn. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ìjà yẹn gan-an ni wọ́n ń wá. Àwọn olórin blúùsì ní Amẹ́ríkà a máa mú hàmóníkà C bí gìtá bá wà lórí G. Wọn á fà ju bí wọ́n ṣe ń fọn lọ, ihò kejì ni wọ́n á sì fi ṣe ilé, torí G ló wà níbẹ̀ bí a bá fà á. t tó rẹlẹ̀ yẹn ni oyin tiwọn. Lọ gbọ́ Jimmy Reed, tí wọ́n bí ní Mississippi ní 1925: ọwọ́ rẹ̀ wà lórí gìtá, hàmóníkà wà lọ́rùn rẹ̀ nínú irin. Ṣùgbọ́n orin ìyìn tí ìjọ mọ̀, tí t rẹ̀ gbọ́dọ̀ gòkè dé d, kò gba irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀.

Má tíì ra òmíràn. Kápò ni kó o wá, irin kékeré tó ń di gbogbo okùn gìtá mọ́lẹ̀ lójú kan. Fi sí fírẹ́ẹ̀tì karùn-ún, ìyẹn ojú karùn-ún láàárín àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lọ́rùn gìtá, kó o máa ta G, C àti D rẹ lọ bó o ṣe mọ̀ ọ́n. Ohun tí ìjọ máa gbọ́ ni C, F àti G. O rí i pé F tí ìka rẹ ò gbà ti dé láìjẹ́ pé o tẹ̀ ẹ́. Bí kò bá sówó kápò, pẹ́ńsù líle kan àti rọ́bà tó fún dáadáa lè gbà ọ́ ná. Bí owó bá yọ lọ́jọ́ iwájú, hàmóníkà G ni kó o rà ṣìkejì, kó o lè ta G láìlo kápò.

Ó wá ku ọwọ́ àti ẹnu, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Èrò tèmi, tí n kò sì ní yí padà, ni pé ọwọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ rẹ̀ láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Dán ara rẹ wò báyìí: máa ta G àti D lọ, kó o wá máa bá ẹni tó wà nínú ilé sọ̀rọ̀. Sọ fún un ohun tó o jẹ lálẹ́ àná, ẹni tó gbé fóònù wá, iye tó fẹ́ san. Bí ọwọ́ bá dúró nígbà tó o ń ronú iye owó, kò tíì yá láti gbé irin kọ́rùn. Padà sídìí gìtá. Ìgbà tó o bá lè dúnàádúrà láìjẹ́ kí ọwọ́ já ìlù, ìgbà yẹn ni ẹnu tó ráyè tirẹ̀.

Nígbà náà, fi kápò sí ojú karùn-ún. Ta G fún ìlù mẹ́rin, kó o yí sí D fún ìlù mẹ́rin. Gbé ẹnu lé ihò kìíní títí dé ìkẹrin pọ̀, má wá ohùn kan ṣoṣo. Bí ọwọ́ bá wà lórí G, mí jáde. Bó bá wà lórí D, mí sínú. Kò sí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí tó fi ń bá ara mu ni pé fífọn ihò mẹ́rin yẹn ń fún ọ ní d m s d, fífà wọn ń fún ọ ní r s t r, ohun tí kọ́ọ̀dù méjèèjì sì ní nínú náà nìyẹn. Má fi agbára sí i. Èémí tó o fi ń sùn ti tó o. Bí àyà bá kún jù, jẹ́ kí díẹ̀ gba imú jáde. Bí èyí bá ti rọrùn fún ọ, mú ìka C wọlé, kó o fa ihò karùn-ún àti ìkẹfà pọ̀ sí i, f àti l nìyẹn.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ni kó o tó sún ètè jọ bí ẹni fẹ́ súfèé, láti mú ohùn ẹyọ kan jáde. Bí ẹnu bá sì ti ń mú orin, jẹ́ kí gìtá mọ níwọ̀n. Ìlù sísàlẹ̀ nìkan ti tó, má fi ìka ṣe fújà. Ọ̀pọ̀ olórin ló máa ń da méjèèjì pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, n kò fara mọ́ ọn. Kọ ẹsẹ orin kan tán, kí hàmóníkà wá gbè é bí ẹlẹ́gbè, kó sì dákẹ́ fún ẹsẹ tó kàn. Bob Dylan, olórin Amẹ́ríkà, fi ẹnu, gìtá àti irin ọrùn ṣe gudugudu méje, títí wọ́n fi fún un ní ẹ̀bùn Nobel ti lítíréṣọ̀ ní 2016, ẹ̀bùn kan náà tí Wọlé Ṣóyínká, ọmọ bíbí Abẹ́òkúta wa, gbà ní 1986. Gbọ́ bó ṣe ń jẹ́ kí hàmóníkà sinmi.

Jẹnẹrétọ̀ Pańṣẹ́kẹ́ ò ní jẹ́ kó o gbọ́ ara rẹ lọ́sàn-án. Kí ṣọ́ọ̀bù tó ṣí ni kó o máa ṣe é.

Ìbéèrè

Màmá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọ ọdún 67 ni mí, Láfẹ́nwá ni ilé wa. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, a máa ń jí àwọn ènìyàn sí sààrì nínú oṣù Ramadan, ẹnìkan nínú wa sì máa ń fọn mouth organ láàárín orin. Ọmọ ọmọ mi ra ọ̀kan fún mi báyìí, inú mi dùn. Ṣùgbọ́n bí mo bá fa ihò kejì, kì í sọ̀rọ̀, àfi kó máa kùn. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni? Ṣé mo sì lè fi omi fọ̀ ọ́?

Bàbá Láfẹ́nwá

Ìdáhùn

Bàbá mi, ẹ kú àṣeyè. Inú mi dùn láti gbọ́ ti ajísààrì yẹn. Òótọ́ lẹ sọ, àwọn ọmọ wéré (orin ajísààrì yẹn) kan máa ń fi mouth organ dárà bí orin bá sinmi, n kò sì fẹ́ kí àwọn ọdọ́ rò pé ilẹ̀ òkèèrè nìkan ló mọ̀ ọ́n lò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti Jámánì ni púpọ̀ nínú wọn ti wá nígbà náà. Ìlú Trossingen níbẹ̀ ni Matthias Hohner ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní 1857.

Ẹ má dá a padà fún ẹni tó tà á. Ìhò kejì yẹn, bí a bá fà á, ń yọ gbogbo ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ lẹ́nu. Bí ọ̀fun bá há, ahọ́n irin inú rẹ̀ á tẹ̀, ohùn á rẹlẹ̀ tàbí kó kú. Ẹ jẹ́ kí àgbọ̀n yín dẹ̀ wálẹ̀ bí ìgbà tí ẹ fẹ́ yán, kí ahọ́n sùn nísàlẹ̀ ẹnu, kí ẹ wá fa ihò kìíní, ìkejì àti ìkẹta pọ̀, jẹ́jẹ́, láti inú ikùn. Bí ó bá ti ń dún dáadáa, ẹ máa sún ètè jọ títí yóò fi ku ìkejì nìkan. Ẹ lè sọ fún ọmọ yẹn kó fà á wò lẹ́ẹ̀kan. Bó bá dún lẹ́nu tirẹ̀, ihò ò ní ẹ̀bi. Lẹ́yìn ìyẹn, kó ra tirẹ̀, torí hàmóníkà ò ṣe é pín lò.

Ní ti omi, ẹ wo àárín rẹ̀, ibi tí wọ́n gbẹ́ ihò sí. Bó bá jẹ́ igi, ẹ má jẹ́ kí omi kàn án rárá, á wú, etí rẹ̀ á sì máa gé ètè. Bó bá jẹ́ ike, ẹ lè fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ṣàn án, kì í ṣe omi gbígbóná. Ẹ yọnu kí ẹ tó fọn ún, pàápàá bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ẹ̀pà, torí èérún kékeré kan ti tó láti di ahọ́n irin mú. Bí ẹ bá ṣe tán, ẹ dojú ihò bolẹ̀, kí ẹ gbọ̀n ọ́n mọ́ àtẹ́lẹwọ́ kí itọ́ jáde, ẹ fi sílẹ̀ kó gbẹ, kí ẹ tó dé páálí rẹ̀ nítorí eruku ojú irin Láfẹ́nwá yẹn.