Ẹ Kí Ẹṣin Náà Kí Ẹ Tó Gùn Ún

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Ìlú Jos ni bàbá mi ti ṣiṣẹ́ nígbà tí mo wà ní kékeré, mo sì gun ẹṣin níbẹ̀ láti ọmọ ọdún 9 títí mo fi di ọmọ ọdún 14. Mo ti pé ọdún 43 báyìí, mo ti bímọ mẹ́ta, mo sì wọn kílò 86. Ọ̀rẹ́ ọkọ mi kan ra ẹṣin tó fi ń ṣòwò òde ìwúyè àti ìgbéyàwó. Oko rẹ̀ lójú ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ ló so ó sí, ó sì ní kí n máa wá gùn ún nígbà tó bá wù mí. Mo ti lọ lẹ́ẹ̀mejì. Bí mo bá ti sún mọ́ ọn báyìí, ìdí ló ń kọ sí mi. Ọmọkùnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ ní kí n fi pàṣán kàn án díẹ̀ kó lè mọ̀ mí lọ́gàá. Ṣé ara mi ṣì lè gbà á? Báwo ni mo ṣe lè mú kí ẹṣin yìí fẹ́ràn mi?

Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Adó-Èkìtì

Ìdáhùn: Ẹ kú ìfẹ́ ẹṣin, mà. Ẹ jẹ́ kí n ti ibi tó ń bí mi nínú bẹ̀rẹ̀: ẹ má nà án o. Ẹṣin tó kọ ìdí sí yín kò rí yín fín. Ohun tó ń wí ni pé òun ò tíì mọ irú ẹni tí ẹ jẹ́, àti pé bí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn òun ti wà ní sẹpẹ́. Bí ẹ bá wá gbé pàṣán, ẹ ti jẹ́ kó mọ̀ pé òótọ́ ni ìfura òun. Ìtapá ẹṣin sì ń fọ́ egungun itan, mo ti rí i.

Ẹ wo ayé láti ojú ẹṣin òde náà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á, kí ni àlejò ń mú wá fún un? Ìlù, ìbọn ṣakabùlà, olóyè tó wọ agbádá mẹ́ta lérí ara wọn, àwọn ọmọdé tó fẹ́ ya fọ́tò, àti ìjánu tí wọ́n ń fà bí ẹni fa okùn kànga. Lójú tirẹ̀, ojú tuntun ti di iṣẹ́ àti ariwo. Ẹ wá dé tẹ̀rín-tọ̀yàyà, ẹ fẹ́ gùn ún. Èmi náà ì bá kọ ìdí sí yín. Ohun tí ẹṣin yìí kò tíì rí rí ni àlejò tó wá tí kò bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Irú àlejò bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ jẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, láìgun ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Mo mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yìí máa dùn yín. Ẹ ó rántí pé àwọn àgbà ní bí ẹṣin bá dáni, à ń tún un gùn ni. Òótọ́ ni. Wọn ò ṣá sọ ọjọ́ tí a óò tún un gùn.

Èmi alára kánjú. Mo ti ń tọ́jú ẹṣin láìgùn ún fún ọdún púpọ̀ kí n tó padà sórí gàárì lẹ́ni ọdún 39, mo sì rò pé ohun tí mo mọ̀ nípa ìfun àti pátákò rẹ̀ ti tó. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo gùn ún. Ẹṣin a máa mí sínú, kó fẹ ikùn, nígbà tí ẹ bá ń fún okùn tó di gàárì mọ́ abẹ́ ikùn rẹ̀. Tó bá mí jáde tán, okùn ti dẹ̀. Mo mọ èyí, mo ti ń sọ ọ́ fún àwọn ẹlòmíì, àmọ́ n kò mú un rìn yí ká díẹ̀ kí n tún okùn náà fún. Bí mo ṣe gbé ẹsẹ̀ lé irin ìtẹsẹ̀ báyìí ni gàárì yí sí ẹ̀gbẹ́, èmi náà sì bá a yí. Inú ẹrọ̀fọ̀ ni mo balẹ̀ sí lójú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi. Ẹṣin náà dúró, ó yí orí, ó ń wò mí.

Nípa bí ẹ ó ṣe sún mọ́ ọn, ẹ rántí pé ẹ̀gbẹ́ orí ni ojú ẹṣin wà. Ó ń rí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo àyíká ara rẹ̀ láìyíjú, ṣùgbọ́n kì í rí ọ̀gangan iwájú orí rẹ̀, kì í sì í rí ẹ̀yìn ìrù rẹ̀ gan-an. Ẹni tó gba ibi méjèèjì yìí wá dà bí ẹni tó jáde láti inú igbó lójijì. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ èjìká òsì rẹ̀, kí ẹ máa sọ̀rọ̀ bí ẹ ṣe ń bọ̀. Ohun tí ẹ ń sọ ò ṣe pàtàkì, ẹ lè máa ki oríkì yín. Ní ilẹ̀ wa, ẹni tó wọlé tí kò kí onílé, a mọ irú ojú tí wọ́n á fi wò ó. Bó bá tún yí ìdí sí yín, ẹ má lé e kiri. Ẹ dúró síbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè dé, kí ẹ dúró jẹ́ẹ́. Tó bá yí orí wò yín, àní bó jẹ́ etí kan ṣoṣo ló dà sọ́dọ̀ yín, ẹ rìn sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ méjì. Ó ti kí yín, ẹ̀yin náà sì ti dáhùn. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, ìyẹn ti tó, ẹ lè máa lọ sílé.

Etí ni kí ẹ máa kà. Etí tó dojú kọ iwájú ń gbọ́ nǹkan. Etí tó rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ti fọkàn balẹ̀, ó lè máa tòògbé lórí ìdúró. Etí tó lẹ̀ mọ́ ọrùn pátápátá, ẹ kúrò níbẹ̀.

Ọjọ́ tó bá gbà kí ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ má fọwọ́ gbá a níwájú orí bí wọ́n ti ń ṣe nínú fíìmù. Ẹ wá ibi tí gọ̀gọ̀ ọrùn rẹ̀ parí sí, kí ẹ̀yìn tó bẹ̀rẹ̀, níbi òkè kékeré tó wà láàárín èjìká méjèèjì. Ibẹ̀ ni àwọn ẹṣin fúnra wọn ti máa ń fi eyín họ ara wọn tí wọ́n bá dọ̀rẹ́. Ẹ fi orí ìka họ ọ́ dáadáa, bí ìgbà tí ẹ ń họ ẹ̀yìn ọmọ tí ooru yún lára. Ẹ máa wo ètè òkè rẹ̀: tó bá ń gùn jáde, tó ń gbọ̀n, tí ọrùn sì ń wálẹ̀, ọwọ́ yín ti bọ́ síbi tó dùn. Wọ́n ti wọ̀n ọ́n rí pé ọkàn ẹṣin máa ń dín ìlù kù bí wọ́n bá ń họ ọ́ níbẹ̀. Ẹ̀yin náà lè wọ̀n ọ́n. Ẹ fi ìka méjì wá abẹ́ egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ẹ ó kan iṣan kan tó ń yọ̀ lábẹ́ ìka bí okùn bàtà. Ẹ kà á fún ìṣẹ́jú-àáyá 15, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹṣin tó sinmi máa ń wà láàárín 28 sí 44 ní ìṣẹ́jú kan.

Ẹ má fi ṣúgà ra ìfẹ́ rẹ̀. Ẹṣin tó ń jẹ nǹkan lọ́wọ́ ènìyàn kì í pẹ́ di ẹṣin tó ń gé ènìyàn lápò. Bí ẹ bá mú kárọ́ọ̀tì lọ, inú abọ́ ni kí ẹ ti fún un.

Lẹ́yìn náà, ẹ máa fi okùn mú un rìn. Ẹ máa dúró, kó dúró. Ẹ máa yí, kó yí. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ààbọ̀ wákàtí, ní àkókò kan náà, nítorí ẹni tí ẹṣin mọ ìgbà tó ń bọ̀ ni ọkàn rẹ̀ ń balẹ̀ sí.

Ó wá kan ara yín, mà, ẹ má bínú sí mi. Ẹsẹ̀ àti ìbàdí rántí púpọ̀ nínú ohun tí ẹ kọ́ ní Jos, á yà yín lẹ́nu. Ohun tó yí padà ni ìwọ̀n. Ìlànà tí a ń tẹ̀lé ni pé kí ẹlẹ́ṣin àti gàárì pa pọ̀ má ju ìdá 20 nínú 100 ìwọ̀n ẹṣin lọ. Púpọ̀ nínú ẹṣin tó ń ti òkè Ọya wá kéré sí bí gàárì alárànbarà ṣe ń jẹ́ kó rí. Òṣùwọ̀n ò sí lóko, ṣùgbọ́n téèpù aránṣọ wà. Ẹ fi yí àyà rẹ̀ ká lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú. Ẹ tún wọn gígùn rẹ̀ láti orí egungun èjìká iwájú dé orí egungun ìdí. Ẹ fi iye sẹ̀ǹtímítà ti àyà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ tún fi ti gígùn sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ wá fi 11,880 pín in; iye kílò ẹṣin náà nìyẹn. Bí àyà bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 150, tí gígùn náà jẹ́ 150, ẹṣin náà wọn bíi kílò 284. Ìdá 20 rẹ̀ kò pé kílò 57. Kílò 86 ni ẹ pè fún mi, a ò sì tíì gbé gàárì lé e.

Bó bá jẹ́ bí ẹṣin ọ̀rẹ́ ọkọ yín ṣe rí nìyẹn, ẹ má gùn ún. Ẹ lè bá a dọ̀rẹ́, ẹ lè mú un rìn, ẹ lè kọ́ ọ kó má máa bẹ̀rù ìlù mọ́. Bí ẹ bá fẹ́ gun ẹṣin, ẹṣin ńlá ni kí ẹ wá. Púpọ̀ nínú ẹṣin pólò tó ti fẹ̀yìn tì tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sì ti mọ ènìyàn. Ẹgbẹ́ pólò wà ní Ìbàdàn, ó wà ní Èkó. Ẹ bèèrè olùkọ́ níbẹ̀, kí ẹ lọ lẹ́ẹ̀kan lóṣù fún ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má tíì ra ẹṣin.

Ní báyìí ná, ara ni kí ẹ máa múra fún. Ẹ dúró lórí àtẹ̀gùn ilé pẹ̀lú iwájú ẹsẹ̀ nìkan, kí ẹ jẹ́ kí gìgísẹ̀ rọ̀ wálẹ̀, nítorí bí ẹsẹ̀ ṣe ń wà nínú irin ìtẹsẹ̀ nìyẹn. Òkè Èkìtì wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tó bá fẹ́ fi rìn. Ẹ yẹ ìfúnpá yín wò. Ẹ gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, nítorí kòkòrò rẹ̀ máa ń wà nínú ìgbẹ́ ẹṣin. Ẹ wọ bàtà tó ní gìgísẹ̀ díẹ̀, kí ẹsẹ̀ má baà yọ́ kọjá nínú irin kí ẹṣin sì máa wọ́ yín lọ. Akoto tí wọ́n ṣe fún ẹlẹ́ṣin ni kí ẹ rà. Ti ọlọ́kadà wúwo lọ́rùn, ó sì ń dí etí. Nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé, ẹ ń ṣubú bí aṣọ tó já lórí okùn. Àgbàlagbà a máa na ọwọ́ sílẹ̀, ọrùn ọwọ́ ló sì máa ń kán.

Nǹkan kan kù tí ó jẹ́ ti ilẹ̀ wa níhìn-ín. Kì í ṣe ọ̀lẹ ló mú kí àwọn baba wa ní Èkìtì má di ẹlẹ́ṣin bí ará Ọ̀yọ́ àtijọ́. Igbó wa àti àwọn eṣinṣin tsetse tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ló fà á. Àìsàn tí wọ́n ń gbé wọ ẹṣin lára ni àwọn Hausa tó ń tọ́jú ẹṣin ń pè ní sammore. Ẹṣin á máa jẹun, á sì máa rù. Nígbàkigbà tí ẹ bá lọ, tó bá ti gbà fún yín, ẹ gbé ètè òkè rẹ̀, kí ẹ fi àtàǹpàkò tẹ èrìgì. Á funfun, ó sì yẹ kó padà di pupa fẹ́ẹ́rẹ́ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 2. Bí èrìgì náà bá funfun láti ìbẹ̀rẹ̀, tàbí abẹ́ ikùn wú, tàbí ara rẹ̀ gbóná ju 38.5°C lọ, kí onílé pe dókítà ẹranko lọ́jọ́ náà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gún un lábẹ́rẹ́ tí wọ́n rà lọ́jà láìyẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Àti pátákò: lásìkò òjò, ẹ bá mi wo abẹ́ rẹ̀. Tó bá ń rùn, ibi tí wọ́n so ó sí ti tutù jù, kí wọ́n gbé e lọ síbi gbígbẹ.

Ní Sátidé, ẹ mú téèpù dání. Bí kò bá jẹ́ kí ẹ wọn òun lọ́jọ́ náà, ẹ fi í sápò, ẹ padà wá ní Túsìdé. Tí ẹ bá ti wọ̀n ọ́n, ẹ fi nọ́ńbà méjèèjì ránṣẹ́ sí mi, ma bá yín ṣe ìṣirò rẹ̀, kí ẹ sì sọ fún mi etí wo ló kọ́kọ́ dà sọ́dọ̀ yín.