Sí àbúrò wa tó bèèrè nípa scan: ohun tí ojú mi rí ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta

Àbúrò mi, mo ka ìbéèrè rẹ. O ní oyún rẹ ti lé ní oṣù méjì, ìyá ọkọ rẹ ní o ò gbọdọ̀ ṣe scan, àwòrán ọmọ inú tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ yà, torí pé iná ẹ̀rọ á jó ọmọ nínú, ọ̀rẹ́ rẹ ní Ọbántókò sì ti ṣe é lẹ́ẹ̀marùn-ún kí oyún tirẹ̀ tó pé oṣù mẹ́fà. O ń bèèrè ta ni kí o gbọ́ tirẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ara mi ni mo fi kọ́ ọ̀rọ̀ yìí.

Nígbà oyún mi àkọ́kọ́, n kò ṣe scan rárá. Ohun tí ìyá ọkọ tìrẹ ń sọ ni tèmi náà sọ, ìfẹ́ ló sì fi sọ ọ́. Mo ń lọ síbi ìtọ́jú aláboyún déédéé o, wọ́n ń yẹ BP mi, ìyẹn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, wò, wọ́n ń yẹ ìtọ̀ mi wò. Ìwé tí nọ́ọ̀sì kọ fún mi pé kí n lọ fi ṣe scan, inú báàgì ló gbó sí. Ibì kankan ò dùn mí, mo ṣáà ń ta àdìrẹ mi ní Ìtòkú.

Oyún wọ oṣù kẹjọ. Lọ́jọ́ kan, mo dìde lórí àpótí kí n ká aṣọ fún oníbàárà, mo rí i pé ìró mi ti tutù. Mo rò pé omi ni. Ẹ̀jẹ̀ ni, ó pupa yòò. Inú ò run mí, ẹ̀yìn ò dùn mí. Obìnrin tí ṣọ́ọ̀bù wa jọ kangun síra fi ìró tirẹ̀ wé mi, a wọ takisí, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ká wa mọ́ Sápọ́n, ẹ̀jẹ̀ ò sì dá.

Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn, agbẹ̀bí kan ti wọ ìbọ̀wọ́, ó fẹ́ fọwọ́ yẹ̀ mí wò bóyá mo ti ń rọbí. Nọ́ọ̀sì àgbà kan pariwo láti ẹnu ọ̀nà: "Má fọwọ́ kàn án! Níbo ni ibi ọmọ rẹ̀ wà?" Gbogbo wọn yíjú sí mi. Kàdì mi ò sọ ọ́, èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Scan tí mo ti ń sá fún láti oṣù mélòó kan ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún mi. Ibi ọmọ ti bo ẹnu ilé ọmọ pátápátá. Ká ní ọwọ́ ti gún un ni, ẹ̀jẹ̀ tí ì bá ya, wọn ì bá má rí i dá dúró. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ jáde lọ́jọ́ náà. Páìntì ẹ̀jẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fà sí mi lára, ọjọ́ 19 ni ọmọ mi sì lò nínú ẹ̀rọ tó ń mú ọmọ móoru kí n tó gbé e sọ́wọ́. Ó wà láàyè, a dúpẹ́.

Ti iná tí ìyá ọkọ rẹ ń bẹ̀rù: scan kì í ṣe X-ray. Ìró ni ẹ̀rọ náà ń rán wọ inú, ìró tí etí èèyàn ò lè gbọ́. Tó bá kan ọmọ, á ta padà, wọ́n á sì fi ya àwòrán. Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: 1958 ni dókítà aláboyún kan, Ian Donald, àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Glasgow ní Scotland ti tẹ iṣẹ́ wọn lórí rẹ̀ jáde. Wọn ò tíì rí i pé ó ṣe ọmọ inú ní jàǹbá bí ẹni tó mọṣẹ́ bá ṣe é bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n ìró yẹn lè mú ara móoru díẹ̀ tó bá pẹ́ lójú kan, pàápàá èyí tí wọ́n ń pè ní Doppler, tí wọ́n fi ń wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn. Kò yẹ kí wọ́n ṣe ìyẹn fún oyún kékeré láìnídìí.

Ibẹ̀ ni mo ti yàtọ̀ sí ọ̀rẹ́ rẹ. Kí ni ẹ̀ẹ̀marùn-ún wà fún? Bó bá jẹ́ dókítà ló ní kó ṣe é, ó dáa. Bó bá jẹ́ torí akọ tàbí abo, owó ló ń sọ nù. Wọ́n sọ fún èmi náà pé ọkùnrin ni nígbà tí oyún kejì mi ò tíì pé oṣù mẹ́rin. Àbíkẹ́ ni mo bí.

Láti 2016 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí aboyún ṣe scan kan ó kéré tán kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 24. Lọ ṣe tìrẹ báyìí, torí èyí tí a bá tètè ṣe ló ń sọ ọjọ́ ìkúnlẹ̀ dáadáa. Èyí tí a ṣe ní oṣù kẹjọ lè fi ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ṣì í. Bí scan ẹ̀yìn bá sọ ọjọ́ mìíràn, má jẹ́ kí àyà rẹ já, ti àkọ́kọ́ ni kí o dì mú. Ní bí oṣù karùn-ún, ṣe èkejì kí wọ́n fi wo ẹ̀yà ara ọmọ àti ibi tí ibi ọmọ wà. Bí wọ́n bá ní ó wà nísàlẹ̀, má sunkún. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ máa ń gòkè bí ilé ọmọ ṣe ń tóbi. Wọ́n á tún un wò ní bí ọ̀sẹ̀ 32. Mu omi kí o tó lọ ṣe ti àkọ́kọ́, má tíì tọ̀, kí o sì mọ ọjọ́ tí nǹkan oṣù rẹ ìkẹyìn bẹ̀rẹ̀. Má torí scan fi ìtọ́jú aláboyún sílẹ̀ o. Ẹ̀rọ yẹn ò rí BP.

Mú ìyá ọkọ rẹ dání lọ. Tèmi bá mi lọ nígbà oyún Àbíkẹ́. Ó wo ọkàn ọmọ tó ń lù kì-kì-kì lójú ẹ̀rọ, ó di ọwọ́ mi mú, kí n tó lanu ló sì ti bi ẹni tó ń ṣe é pé, "Ibi ọmọ ńkọ́? Òkè ló wà àbí ìsàlẹ̀?"