Béèrè ibi tí owó ilé náà ti ń bọ̀

Àbúrò mi, o ní àwọn aláṣẹ ilé-ìwé tí o ti ń ṣiṣẹ́ fẹ́ kọ́ ilé tí owó rẹ̀ kò ní gani lára fún òṣìṣẹ́, sórí ilẹ̀ ilé-ìwé tí wọ́n ti tì pa. O wá ń béèrè bóyá ó tó ohun tí èèyàn ń torí ẹ̀ lọ jókòó sípàdé lálẹ́. Ó tó. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ilé-ìwé ni mí níbí ní California, èmi ni mo ṣojú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wa nírú ìpàdé bẹ́ẹ̀ títí ilé fi dúró. Má wulẹ̀ wo àwòrán mèremère tí wọ́n á lẹ̀ mọ́ ògiri. Owó tí wọ́n bá fi kọ́ ọ ló máa sọ ẹni tó máa gbé e.

Ní Los Angeles, wọ́n kọ́ ilé 90 tí wọ́n ń pè ní Sage Park sórí ilẹ̀ ilé-ìwé ní Gardena, wọ́n ṣí i ní 2015. Olùkọ́ ni wọ́n ní lọ́kàn. Àmọ́ tax credit ni wọ́n fi kọ́ ọ, ìyẹn ẹ̀dínwó owó orí tí ìjọba ń fún àwọn tó bá dáwó kọ́ ilé fún ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀, owó oṣù olùkọ́ sì ga ju iye tí tax credit gbà lọ. Àwọn alásè, awakọ̀ àti olùrànlọ́wọ́ inú kíláàsì ló wá bọ́ sí lọ́wọ́. Ní Daly City, Jefferson Union High School District ní kí ará ìlú dìbò fún bọ́ǹdì mílíọ̀nù 33 dọ́là ní 2018, ìyẹn owó tí ilé-ìwé yá, tí owó orí ilé àwọn ará ìlú máa san padà. Wọ́n fọwọ́ sí i, ilé 122 sì ṣí ní 2022. Bọ́ǹdì kò ní ààlà owó oṣù bíi ti tax credit, olùkọ́ sì ń gbé ibẹ̀ dáadáa.

Tax credit ni tiwa. Nígbà tó kàn mí, ọmọbìnrin tó ń yẹ fọ́ọ̀mù wò fi bírò fàlà sábẹ́ iye tó wà lókè pátápátá nínú ìwé owó oṣù mi, kí wọ́n tó yọ owó orí àti owó ìfẹ̀yìntì. Mo ń nàka sí ti ìsàlẹ̀ tó ń wọ báńkì, kò tilẹ̀ wò ó. Ó ro overtime tí mo fi ń gbé ọmọ lọ síbi bọ́ọ̀lù mọ́ ọn, ó ro owó ìyàwó mi tó ń tọ́jú arúgbó mọ́ ọn, ló bá ní a ti kọjá ààlà. Obìnrin kan tó ń gbálẹ̀ níbi iṣẹ́ wa, tó ń dá tọ́mọ, rí yàrá méjì gbà. Inú mi dùn fún un. Ẹni tó bá ti wọlé, bí owó rẹ̀ bá gòkè lẹ́yìn náà, tax credit kì í tìtorí ìyẹn lé e.

Ará àdúgbò á pariwo ibi ìgbọ́kọ̀sí, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Àmọ́ láti January 2024, òfin California tí wọ́n ń pè ní AB 2295 kò jẹ́ kí ìlú kàn fi zoning, ìyẹn òfin tó ń sọ irú ilé tí èèyàn lè kọ́ síbì kan, dí irú ilé yìí mọ́, tó bá ti kúnjú òṣùwọ̀n.

Mú ìwé owó oṣù rẹ dání lọ. Bi wọ́n lójú gbogbo èèyàn pé èló ni ààlà fún ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́rin. Kí o tún bi wọ́n pé bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ èèyàn, oṣù mélòó ni wọ́n máa fún un kó tó kó jáde, torí ọ̀gá rẹ náà ni lánlọ́ọ̀dù rẹ nígbà yẹn. Kí wọ́n kọ ìdáhùn yẹn sílẹ̀ fún yín.